MGA Twin Cam: tí písítìnì yín bá tún ti lu

MGA ni mọ́tò asáré kékeré tí iléeṣẹ́ MG ṣe, Twin Cam sì ni irú ẹ̀ tó ní kámúṣáàfù méjì, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Abingdon ní England ni wọ́n ti ṣe Twin Cam yìí, láti 1958 sí 1960, 2,111 péré nínú MGA tó lé ní 100,000. Èyí tẹ́ ẹ bá bà jẹ́, ó lọ nìyẹn. Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá, ó ti sú mi, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀.

Kò fẹ́ sítáàtì rárá.
Bátìrì méjì ló wà lẹ́yìn ìjókòó. Ẹ wo méjèèjì.

Ó ń yí àmọ́ kò gbaná.
Ẹ ṣí iná, ẹ tẹ́tí sẹ́yìn mọ́tò. Páńpù epo gbọ́dọ̀ dún kó-kó-kó. Tí ò bá dún, ẹ gbá a jẹ́jẹ́. Tó bá jí, kọntáàkì inú ẹ̀ ló ti jó.

Bọ̀ọ̀dá, mo ti pààrọ̀ písítìnì lẹ́ẹ̀kan, ó tún ti lu.
Èmi náà jẹ ìyà ẹ̀. Mò ń sáré bọ̀ láti Oxford, mọ́tò ń lọ geerege, àfi bí èéfín ṣe bo ẹ̀yìn mi lójijì tí agbára ẹ̀ sì lọ. Nígbà tá a ṣí héèdì, àtàǹpàkò mi wọ ihò tó wà lórí písítìnì kẹta, etí ihò yẹn yọ́ bí àbẹ́là. Ẹni tó bá mi tún un ṣe ní táímìnnì ni, ìyẹn àkókò tí púlọ́ọ̀gì ń ṣáná, ó dá a sẹ́yìn díẹ̀, mo tún wá ń ra epo ọ́kítéènì 99 olówó ńlá, èyí tí kì í tètè gbaná fúnra ẹ̀, torí 9.9 sí 1 ni ẹ́ńjìnnì yẹn fi ń fún epo pọ̀, kì í ṣe epo képo ló ń gbà. Oṣù mẹ́rin, písítìnì kan náà tún lu. Mi ò rí oorun sùn.

Àṣé kábúrétọ̀ ni! Wọ́n dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì gírígírí, tí ẹ́ńjìnnì bá wá dé eré kan báyìí, gbígbọ̀n ẹ̀ á jẹ́ kí epo inú abọ́ kábúrétọ̀ máa hó bí omi ọṣẹ, epo tó ń wọlé ò ní í tó mọ́, ooru á pọ̀ jù, písítìnì á yọ́. Ẹ fi rọ́bà gidi sáàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Látìgbà tí mo ti ṣe é, kò lu mọ́. Ẹ tún máa tú púlọ́ọ̀gì wò: tẹ́ ẹ bá rí èérún tó ń dán bíi fàdákà lára ẹ̀, písítìnì ti ń jẹ nìyẹn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

Fáàfù ń pariwo, ṣé mo lè sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nílé?
Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Fáàfù 8 ni, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín ló wà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ yọ kámúṣáàfù kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ gbé e fún ẹni tó ti ṣí Twin Cam rí, kì í ṣe ẹni tó mọ MGA lásán.