Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí lẹ́tà bold italic

Times New Roman ni kẹ́ ẹ ṣí nínú Word, kẹ́ ẹ wá tẹ B (bold, tó ń mú lẹ́tà nípọn) àti I (italic, tó ń mú un fì) pọ̀. Lẹ́tà tó jáde nípọn, ó fì sí ọ̀tún, ó sì ní ilà kéékèèké níparí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Orúkọ ọkọ àti ìyàwó lórí káàdì ìgbéyàwó yẹ ẹ́, àkọlé náà sì yẹ ẹ́. Ẹ má ṣáà fi kọ odindi ìwé ìpè, láti orí àdírẹ́sì dé aṣọ ẹbí. Nígbà tí Aldus Manutius, atẹ̀wé kan, fi italic tẹ odindi ìwé ní Venice lọ́dún 1501, lẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni Francesco Griffo gbẹ́ fún un, kì í ṣe bold.

Èyí tí ojú kì í tètè rí ni bold italic ayédèrú. Bí fọ́ǹtì tẹ́ ẹ yàn kò bá ní tirẹ̀, Word kò ní sọ fún yín. Ṣe ló máa mú lẹ́tà tó dúró ṣánṣán, á mú un sanra tipátipá, á sì tì í kó fì. Ẹ wo a kékeré. Nínú Times New Roman tó dúró, a ní ìbòrí lórí ikùn. Nínú italic rẹ̀, ìbòrí ti lọ, ó ti dà bí a tá a ń fọwọ́ kọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì irú rẹ̀. Bí ìbòrí bá ṣì wà, ẹ fura.

Ti àmì ohùn wa ló ń bí mi nínú jù. Kọ̀ǹpútà kò ka ẹ́ sí lẹ́tà kan: ẹ ni, tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà jẹ́ U+1EB9, tí àmì òkè wá jókòó lé lórí. Fọ́ǹtì tí kò mọ ibi tó yẹ kí àmì náà jókòó sí á jẹ́ kó yẹ̀ gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, pàápàá níbi tí lẹ́tà ti fì. Ẹ má sì torí pé ẹ rí ẹ àti ọ gbà pé ó pé. Fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún èdè Vietnam ní méjèèjì, ṣùgbọ́n èdè náà kò lo ṣ. Kọ̀ǹpútà á lọ yá ṣ lára fọ́ǹtì mìíràn, orúkọ Adéṣọlá á wá wọ aṣọ méjì. Ọ̀ṣun àti ẹ̀ṣọ́ ni mo fi ń dán wọn wò, nínú bold italic gan-an, torí Regular (lẹ́tà lásán tó dúró) lè pé kí èyí má pé. Fọ́ǹtì Charis SIL àti Noto Serif kì í dójú tì mí. Yíyọ àmì kúrò kì í ṣe ojútùú. Fọ́ǹtì ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Ẹ sì fàyè sáàárín ìlà, kí àmì ìsàlẹ̀ ti òkè má baà kọ lu àmì ohùn ti ìsàlẹ̀.

Lẹ́tà funfun tín-ín-tín lórí dúdú náà kò dáa: yíǹkì máa ń dí ojú e àti a pa.

Àwọn tó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó 𝒍𝒆́𝒕𝒂̀ báyìí wá sórí Facebook ńkọ́? Àmì ìṣirò nìyẹn. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú wọn, ẹni tó bá fi orúkọ yín wá yín lè má rí yín, ẹ̀rọ tó ń kàwé fún àwọn tí kò ríran sì lè máa pe àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan tàbí kó fò ó. Lórí WhatsApp, ẹ kọ ọ́ báyìí: *_Ẹ kú oríire_*. Kò ní ní ilà kéékèèké yẹn, ṣùgbọ́n á nípọn, á fì, àmì á sì pé.