Bí a ṣe ń dá ìjọba iwin sílẹ̀ nínú ìtàn, àti bí ìjọba náà ṣe máa bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ lò

Ìtàn ìlú iwin pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó báyìí. Mo ti ka ọ̀pọ̀ nínú wọn, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi sì ti fi irú ìlú bẹ́ẹ̀ ta eré ìtàn onídáìsì ní Yábà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun kan ló ń dùn mí nínú púpọ̀ nínú wọn. Ayaba kan á jókòó sórí ìtẹ́ fàdákà, gbogbo iwin á wólẹ̀ fún un, ó parí. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ohun tó fẹ́ ṣe kò ṣeé ṣe. A ò mọ ẹni tó ni ilẹ̀ tí ààfin wà. A ò mọ ohun tí ìlú náà ń tà, a ò mọ ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ wọn. Bí ogun bá dé, ṣe ló kàn dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe tèmi. Ìwé kan, bírò kan àti owó ọkọ̀ dé Ìdúmọ̀tà ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Iwin tí mò ń wí ni èyí tí òyìnbó ń pè ní elf, ẹlẹ́mìí gígùn tó máa ń gbé inú igbó. Àwọn ará Aísílándì ti kọ ìtàn wọn sílẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàlá. Nínú ìtàn àwọn ará àríwá yẹn, Alfheim ni orúkọ ilẹ̀ àwọn iwin, òrìṣà kan tó ń jẹ́ Freyr ni wọ́n sì fi ilẹ̀ náà ta lọ́rẹ nígbà tó hu eyín. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, ìbéèrè tó wá sí mi lọ́kàn ni pé: ta ló bi àwọn iwin léèrè? Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìlú tí mo bá ń dá sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá onílẹ̀ kí ẹ tó wá ọba

Ẹ sọdá afárá, kí ẹ rìn wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Orí ilẹ̀ tó jẹ́ oko ata Àrómirẹ tẹ́lẹ̀ ni ààfin ọba Èkó, Ìga Ìdúngánrán, wà. Àrómirẹ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn ìjòyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀. Ọba ló ń jọba lórí ìlú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ á lọ bá Olótò, Oníru, Ọjọ́rà tàbí Olúwa, bí ibi tí ilẹ̀ náà wà bá ṣe rí. Orí oko ẹlòmíràn ni ọba ti ń jọba. Ẹ rò ó dáadáa, ìtàn odindi kan wà nínú gbólóhùn yẹn.

Nínú ìlú tí mò ń kọ lọ́wọ́, Igbó-Ọ̀ṣùpá, ìdílé méje ló pín igbó mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìdílé kan ni igi ìrókò, òmíràn ni etí odò, òmíràn ni ibi tí oyin wà. Olóṣùpá, ìyẹn ọba wọn, kò ní ju ilẹ̀ tí ààfin rẹ̀ wà lọ, ìdílé olódò ló sì fún un. Nítorí náà, bí oníṣòwò bá wá láti ìlú ènìyàn pé òun fẹ́ gedú, Olóṣùpá lè gbà á lálejò, ó lè fún un lóyin mu, ṣùgbọ́n kò lè ta igi kan ṣoṣo fún un. Gbogbo wàhálà ìtàn mi níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ àwọn onílẹ̀ yín sílẹ̀ kí ẹ tó fún ọba ní adé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ló lè sọ pé rárá?

Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn onífìlà funfun Èkó pín sí, iṣẹ́ wọn ò sì jọra. Àwọn Àkárìgbẹ̀rẹ̀, tí Ẹlẹ́tù Ọ̀dìbò jẹ́ olórí wọn, ló ń fi ọba jẹ. Àwọn Ìdẹ́jọ ló ni ilẹ̀. Àwọn Ògáládé ló mọ ètùtù àti oògùn. Àwọn Abágbọ̀n, tí Aṣógbọ́n ń darí, ni jagunjagun. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́mèsì méje ló wà, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Bí Aláàfin bá ti ya òǹrorò, wọ́n lè kọ̀ ọ́ lọ́ba, bí wọ́n bá sì ti kọ̀ ọ́, ikú ló kù fún un. Ẹgbẹ́ Ògbóni sì wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ àwọn Ọ̀yọ́mèsì fúnra wọn.

Ẹ má kàn kó èyí sínú igbó iwin bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀mí gígùn máa ń yí gbogbo rẹ̀ padà. Láàárín ènìyàn, bí ọba bá burú, ìlú mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ. Bí iwin bá ń lo ẹgbẹ̀rin ọdún láyé ńkọ́? Àrẹ̀mọ á dúró títí á fi sú u. Ìjòyè tó kórìíra ọba á máa rí i ní gbogbo àárọ̀ fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Ìlú iwin tí kò bá ní ọ̀nà tí ọba fi lè kúrò lórí oyè láìkú, ìpànìyàn ló máa kún inú rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe sí ti Igbó-Ọ̀ṣùpá ni pé, lọ́jọ́ ìwúyè, Olóṣùpá á gbin ìrókò kan sí òkè odò. Ọjọ́ tí òjìji igi náà bá kan omi lọ́sàn-án gangan, ó ti lo ìgbà rẹ̀ tán, á sì gbé adé kalẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí mo kọ òfin yìí tán tí ìwà àwọn ènìyàn inú ìtàn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àwọn kan ń fọ́n ajílẹ̀ sí ìdí igi náà lóru. Ẹnì kan nínú ààfin ń gé ẹ̀ka rẹ̀ ní kọ́lọ́fín. Mi ò ronú lé ọ̀tẹ̀ kankan tẹ́lẹ̀, òfin náà ló bí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: aládùúgbò, àti ohun tí kálukú ṣaláìní

Aládùúgbò mẹ́ta ti tó. Ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ohun tí kò ní, àti ọ̀nà tó ń gbà. Tèmi rèé: Etídò, ìlú ènìyàn lẹ́bàá òkun, nílò gedú láti kan ọkọ̀, ó sì ní iyọ̀. Òkè-Irin, ìlú àwọn aràrá, ní irin, kò ní oúnjẹ tó. Àwọn iwin odò, tí wọ́n jẹ́ ìbátan Igbó-Ọ̀ṣùpá, kò ní ohun kankan àfi odò tí gbogbo ẹrù ń gbà kọjá.

Ẹ má fojú kékeré wo ẹni tó ni ọ̀nà. Láyé ogun Yorùbá, àwọn ìlú òkè ń fẹ́ ìbọn àti ọjà òyìnbó láti Èkó, Èkó ń fẹ́ epo pupa láti òkè, àwọn Ẹ̀gbá sì wà láàárín. Wọ́n fẹ́ kí ọjà máa gba ọwọ́ wọn kọjá. Nígbà tí àwọn ará Ìkòròdú ń bá Èkó ṣòwò láìgba ọ̀dọ̀ wọn, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà ní Èkó nígbà náà sì fi ọmọ ogun lé wọn kúrò níbẹ̀ ní 1865. Nígbà tó di 1867, inú tó ti ń bí wọn bú jáde ní Abẹ́òkúta: wọ́n lé àwọn oníwàásù òyìnbó jáde, wọ́n fọ́ ilé ìjọsìn. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn títí di òní. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọjà ni, ó sì bọ́ sórí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìwàásù. Bí ìbínú ìlú ṣe máa ń rìn nìyẹn, kì í fìgbà gbogbo kan ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ta ló ń jẹ́ iṣẹ́, kí ló sì ń gbé dání?

Àwọn Yorùbá ti ní àrokò kí ìwé tó dé. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, torí ẹẹ́fà àti fífà jọ ń dún bákan náà. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹyọ méjì tó kọjú síra jẹ́ ọ̀rẹ́, bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Iṣẹ́ inú ọ̀pọ̀ àrokò wà nínú ohùn èdè. Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá kò lè mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jí i lọ́nà.

Nítorí náà ẹ má fún àwọn iwin yín ní lẹ́tà lásán. Ẹ wá ohun tí èdè tiwọn nìkan lè tú. Ọmọ Igbó-Ọ̀ṣùpá máa ń fi ewé ránṣẹ́. Iye ọjọ́ tí ewé ti gbẹ jẹ́ ara iṣẹ́ náà, àwọn aràrá tí wọn kì í wo ewé sì ti ṣi iṣẹ́ méjì gbà nínú ìtàn mi.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àdéhùn, àti ẹni tó máa rántí rẹ̀

Ẹ jókòó ti èyí pẹ́. Òun ló ya ìlú iwin sọ́tọ̀ kúrò lára ìlú ènìyàn.

Ní oṣù Kejìlá 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n dá Akitóyè padà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kíní 1852 ni Akitóyè fọwọ́ sí àdéhùn pé òun á fòpin sí òwò ẹrú. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú wà lórí oyè, ọkọ̀ ogun Prometheus sì wà lórí ọ̀sà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ 1861, ó fọwọ́ sí ìwé tó gbé erékùṣù àti èbúté Èkó fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà ní kó máa jẹ́ ọba lọ, bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe mọ oyè náà. Ó ní kó máa parí ẹjọ́ láàárín àwọn ọmọ ìlú bí wọ́n bá gbà. Wọ́n sì dá owó ọdọọdún fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgbésẹ̀ kìíní. Ǹjẹ́ ọba lè fún ẹlòmíràn ní oko ata tí kì í ṣe tirẹ̀? Kò sẹ́ni tó parí ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, gbé ẹjọ́ lọ sí London. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ ọba Èṣùgbàyí Elékòó dání. Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ga jù lọ nínú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá a pé ìwé 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́, kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà bíi ti ẹni tó ni ín pátápátá.

Láti 1861 dé 1921 jẹ́ ọgọ́ta ọdún. Dòsùnmú ti kú tipẹ́, àwọn tó jókòó tì í ti kú. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ ló ń jà lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí bàbá wọn gbọ́ tàbí tí kò gbọ́.

Ẹ wá fi iwin síbẹ̀. Ọgọ́ta ọdún kò ju bí ọdún mélòó kan lọ lójú rẹ̀. Ọwọ́ tó fọwọ́ sí ìwé náà ṣì wà láàyè, ó ṣì mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, ó mọ ohun tí ikọ̀ ènìyàn fi ẹnu sọ tí wọn kò kọ sílẹ̀. Ní ìlú ènìyàn, ìwé nìkan ló kù, ọmọ-ọmọ-ọmọ ló ń kà á, ohun tí ìwé sọ nìkan ló sì mọ̀. Iwin á ní, "Bàbá ńlá rẹ ṣèlérí fún mi." Ènìyàn á ní, "Níbo ló wà nínú ìwé?" Kò sí òpùrọ́ níbẹ̀, àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́, wọ́n sì lè jagun lé e lórí.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ kọ àdéhùn kan lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ ohun tó wà nínú ìwé. Ní ojú ewé kejì, ẹ kọ ohun tí wọ́n fẹnu sọ lọ́jọ́ náà. Àlàfo tó bá wà láàárín méjèèjì ni àjọṣe ìlú yín pẹ̀lú ìlú òkèèrè. Nínú tèmi, ìwé sọ pé kí Etídò máa gé "igi tó ti dàgbà." Ikọ̀ ènìyàn fẹnu sọ pé igi tó ti kú. Lójú ènìyàn, ìrókò ogójì ọdún ti dàgbà. Lójú iwin, ọmọ ọwọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹni tí wọ́n lé kúrò

Ẹ fún ìlú yín ní ọmọ ọba kan tó wà lẹ́yìn odi. Lẹ́yìn 1851, Kòsọ́kọ́ kò sọnù. Ó tẹ̀ dó sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Ní 1854, Campbell tó jẹ́ aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó bá a ṣàdéhùn pé kó yé halẹ̀ mọ́ Èkó, wọ́n sì jẹ́ kó ní èbúté tirẹ̀ ní Palma. Lẹ́yìn tí Èkó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló padà wálé, ní 1862. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni gbogbo aládùúgbò á máa bá sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ dán an wò

Ẹ kó ọ̀rẹ́ mẹ́rin jọ. Ọ̀kan á jẹ́ Olóṣùpá, ọ̀kan á jẹ́ olórí ìdílé onílẹ̀, ọ̀kan á jẹ́ ikọ̀ ìlú ènìyàn, ọ̀kan á jẹ́ ẹni tí wọ́n lé kúrò. Ẹ fún wọn ní ọ̀ràn kan ṣoṣo, kí ó kéré. Ẹ má lo dáìsì níbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Sátidé tí àwa dán tiwa wò, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ ikọ̀ Etídò na ìwé àdéhùn sí Olóṣùpá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye igi tí wọ́n fẹ́ gé. Ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí ìdílé onírókò kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan látàárọ̀. Ó dìde, ó ní, "Ẹ kí ọba tán, ó dáa. Ọ̀rọ̀ igi mi ńkọ́, ìgbà wo lẹ fẹ́ wá bá mi sọ ọ́?" Ọmọkùnrin náà wo Olóṣùpá, Olóṣùpá wo ilẹ̀. Ojú ewé mọ́kànlá la kọ lọ́jọ́ náà láti ibẹ̀.