Kọ́mà Kétu, pọ́ìntì Ìbàdàn: bí ẹ ó ṣe fi fáìlì CSV ránṣẹ́ tí òǹkà inú rẹ̀ kò fi ní yí padà

Òrí ni mo ń tà ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ló ń bá mi rà á lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ṣe é. Wọn a wọn ike kọ̀ọ̀kan lórí ìwọ̀n oníná, wọn a kọ ọ́ sínú Excel, wọn a wá fi fáìlì CSV rẹ̀ (ọ̀rọ̀ lásán tí àmì kan ń pín òpó rẹ̀ sọ́tọ̀) ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Ìlà kan nínú fáìlì àkọ́kọ́ lọ báyìí: ike 4;2,750;3500. Kílò méjì àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìgbà tí mo tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì kó lè ṣí, "ike 4;2" bọ́ sí òpó kìíní, "750;3500" bọ́ sí òpó kejì. Mo tún un gbà wọlé, mo ní kí Excel fi sẹmíkólọ̀nì (;) pín in. Òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò dáadáa, ọkàn mi balẹ̀. Àfi ìgbà tí mo ro gbogbo ìwọ̀n pọ̀ tí mo rí i pé ike kan ṣoṣo ti di kílò 2750. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí fáìlì tó fọ́ yán-ányán-án, ojú á rí i. Èyí tó tò dáadáa tí òǹkà rẹ̀ sì jẹ́ irọ́, ó lè wọ ìwé owó láìsí ẹni tó mọ̀.

Mo pè wọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kílò mélòó ni ike kẹrin?"

"2,750 ni, àbúrò. Òun ló wà níwájú mi yìí."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Faransé ni kọ̀ǹpútà wọn ń lò, kọ́mà ni Faransé fi ń ya ìdajì àti ìdá sọ́tọ̀ kúrò lára odidi òǹkà. Nígbà tí kọ́mà ti ní iṣẹ́ yẹn, sẹmíkólọ̀nì ló kù fún pípín òpó. Kọ̀ǹpútà tèmi ń lo Gẹ̀ẹ́sì: pọ́ìntì ló mọ̀ fún ìdá, kọ́mà ni ti ẹgbẹ̀rún. Windows ni Excel ti ń kó àwọn àmì wọ̀nyí. Tí ẹ bá fẹ́ rí tiyín, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ intl.cpl, ẹ wọ "Additional settings". Lórí kọ̀ǹpútà Faransé, "Paramètres supplémentaires" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ wo "Symbole décimal" àti "Séparateur de listes".

Ẹ lè yí méjèèjì padà níbẹ̀, kí ẹ ti Excel, kí ẹ tún un ṣí, kí ẹ tó tọ́jú fáìlì náà. Èmi ò fẹ́ ẹ. Gbogbo ètò tó ń lo àwọn àmì yìí lórí kọ̀ǹpútà náà ló máa yí padà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ń bá àwọn ẹlòmíì ṣe ìṣirò lórí rẹ̀.

Ohun tí a ṣe ni pé a mú ìdá kúrò pátápátá. Gíráàmù ni wọ́n ń kọ báyìí: 2750, kò sí kọ́mà, kò sí pọ́ìntì. Àmọ́ ẹ ṣọ́ bí òǹkà ṣe ń hàn nínú ṣíìtì, torí bó ṣe hàn ni Excel ṣe ń kọ ọ́ sínú CSV. Tí wọ́n bá ṣètò àlàfo ẹgbẹ̀rún, "2 750" ló máa dé, kọ̀ǹpútà mi á sì kà á sí ọ̀rọ̀, kò ní rò ó mọ́ àwọn yòókù.

Ọjọ́ náà ńkọ́? Láti Amẹ́ríkà ni kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mi ti wá, oṣù ló sì ń kà ṣáájú. 03/04 tó jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ní Kétu, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni lọ́dọ̀ mi. Ẹ kọ ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn: 2024-04-03. Nínú Excel Faransé, aaaa-mm-jj lẹ ó kọ fún un.

Orúkọ àwọn ìyá wa náà ṣe pàtàkì sí mi. CSV lásán máa ń sọ ẹ àti ọ wa di àmì ìbéèrè, ẹ mú "CSV UTF-8" dípò rẹ̀. Kọ́mà ló wà nínú orúkọ rẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ sẹmíkólọ̀nì ló máa kọ lórí kọ̀ǹpútà Faransé.

Tí fáìlì tó ní ìdá, bíi 2,750, bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣí ṣíìtì òfìfo, ẹ lọ sí "Data", ẹ mú "From Text/CSV". Ẹ yan UTF-8 àti sẹmíkólọ̀nì, kí ẹ sì mú "Do not detect data types", nítorí tí Excel bá ti fúnra rẹ̀ sọ 2,750 di 2750, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ tẹ "Transform Data", ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ orí òpó ìwọ̀n, "Change Type", "Using Locale", kí ẹ wá yan "Decimal Number" àti Faransé.

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó fi ránṣẹ́, wọ́n máa ń fi Bloc-notes (Notepad ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é) ṣí fáìlì náà wò, torí òun kì í yí ohunkóhun padà. Wọn a wá kọ iye ike àti àròpọ̀ gíráàmù sí ìsàlẹ̀ fáìlì náà lórí WhatsApp. Tí àròpọ̀ tèmi ò bá bá tiwọn mu, n kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni títí a ó fi rí ìlà tó ṣì.