Omi òjò ni kẹ́ ẹ máa fún ewéko tó ń jẹ kòkòrò

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń gbin Venus flytrap tàbí sundew sínú ilé n'Ìbàdàn níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yéé bu omi borehole sí i, omi òjò ni kẹ́ ẹ máa lò, torí iyọ̀ inú omi borehole yẹn, irú èyí tó ń lẹ̀ funfun mọ́ inú kẹ́tùlù, ló ń ba gbòǹgbò wọn jẹ́, ilẹ̀ àbàtà tí ò lọ́ràá rárá ni flytrap ti ń hù ní Carolina l'Amẹ́ríkà, ìdí tó fi ń mú eṣinṣin jẹ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kójò kọ́kọ́ fọ eruku orí páànù kúrò ná kẹ́ ẹ tó gbé ike síta o. Ẹ wá bu omi náà sí abọ́ pẹrẹsẹ, bíi sẹ̀ǹtímítà 2, kẹ́ ẹ gbé ìkòkò ẹ̀ lé e, á máa fà á fúnra ẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún Nepenthes ṣá, ìyẹn irú èyí tí ewé ẹ̀ rí bí ife tí kòkòrò ń jábọ́ sí, ìdí ẹ̀ á jẹrà, òkè ni kẹ́ ẹ ti máa bomi rin ín. Ẹ tọ́jú omi náà pọ̀ dáadáa kọ́yẹ́ tó dé.