Bí mo ṣe sọ 20 ọ̀rọ̀-ìṣe Czech di àṣẹ

Mi ò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrísí tó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, torí ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Èyí tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa "wọ́n" ni mo kọ sílẹ̀: mluví, wọ́n ń sọ̀rọ̀, píšou, wọ́n ń kọ̀wé, dělají, wọ́n ń ṣe é. Mo gé -í tàbí -ou ìparí kúrò, ó ku mluv: sọ̀rọ̀! Ti -ají yàtọ̀, ó di -ej: dělej.

Bí fáwẹ̀lì tó ṣẹ́kù bá gùn, mo gé e kúrú: píšou di piš, koupí (wọn yóò rà) di kup. T inú vrátí rọ̀ lẹ́nu, nítorí náà ó gba àmì: vrať, dá a padà. Bí kọ́ńsónáǹtì méjì bá ṣẹ́kù pọ̀, mo fi -i tì í lẹ́yìn: čtou (wọ́n ń kàwé) di čti, zavřou (wọn yóò tì í) di zavři. Àmọ́ pustí (wọn yóò jọ̀wọ́ rẹ̀) kò gba -i, pusť ni. Àwọn kan wà tí a kàn gbọ́dọ̀ há sórí: buď (jẹ́), jez (jẹun), stůj (dúró).

"Ẹ" tiwa ni -te tiwọn, fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tàbí ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún: mluvte, pište. Níbi tí -i bá wà, -ete tàbí -ěte ló ń gbà: zavřete, čtěte. Ohùn inú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Prague ń sọ ọ́ lójoojúmọ́: "Ukončete, prosím, výstup a nástup, dveře se zavírají." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ parí sísọ̀kalẹ̀ àti wíwọlé, ilẹ̀kùn fẹ́ tì. Bí àṣẹ bá jẹ́ méjì, -te gbọ́dọ̀ wà lára méjèèjì: Pojďte sem a posaďte se, ẹ wá síbí kí ẹ sì jókòó. Ẹni tó bá gbàgbé ìkejì ti bọ́ sórí "ìwọ" láàárín ọ̀rọ̀ kan náà.

Ìyísódì, ìyẹn sísọ pé kí ènìyàn má ṣe nǹkan, ló gba àkókò jù. Ne- ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ sábà máa ń yí padà. Zavři okno, ti fèrèsé, jẹ́ aṣetán, ìyẹn ìṣe tí a ń wò bí odindi tó parí. Má ti fèrèsé, Nezavírej okno, jẹ́ àìṣetán, ìyẹn ìṣe tí a kò wo ìparí rẹ̀. Ẹni tó ń fi èrò Yorùbá ṣe é á kàn fi ne- síwájú zavři, bí a ṣe ń fi "má" síwájú "tì". Aṣetán máa ń dúró bó bá jẹ́ ìkìlọ̀ nípa ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe: Neupadni! Nezapomeň! Ibi tí àwa ti ń fi "o" kún un nìyẹn: Má ṣubú o! Má gbàgbé o!