Ojú ewé mẹ́rin nínú ìwé ìwọ̀n mi

Mo ń wá ìwọ̀n kọ́sítọ́mà kan láàárọ̀ yìí ni mo bá kan ojú ewé mẹ́rin tí mo ti gbàgbé. Ìwọ̀n ìyàwó kan tó ń múra ìgbéyàwó wà níwájú wọn, ti ìyá ìjọ kan tó fẹ́ bùbá mẹ́ta wà lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n àwọn ojú ewé náà kò kan aṣọ rárá. "Ilé 1, Dagiri, 10 by 10, ènìyàn wà nínú rẹ̀!!" "Ilé 3, Kutunku, fèrèsé 53, kàǹga, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì." Ọdún tí àbúrò mi ọkùnrin ń retí àtiwọlé fún ìṣègùn ní Gwagwalada nìyẹn, àdúgbò ibẹ̀ sì ni Dagiri àti Kutunku. Télọ̀ ni mí ní Kubwa, ọmọ Ọ̀fà ni wá. Ọ̀dọ̀ ìyá wa nílé ni ọmọ náà ti ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n nítorí pé Abuja ni èmi wà, ọrùn mi ni ìyókù já sí.

Ó gba 278 nínú 400 ní JAMB. Èmi rò pé a ti débẹ̀, mo tilẹ̀ ra Fanta fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló mú bírò tó là mí lọ́yẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń pín máàkì JAMB sí ọ̀nà 8 kí wọ́n tó ro ti post-UTME, ìdánwò tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ máa ń ṣe lẹ́yìn JAMB, mọ́ ọn. 278 tí a pín sí 8, 34.75 nìyẹn. Ó gba 66 nínú 100 ní post-UTME, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 33. Gbogbo rẹ̀ wá di 67.75. Tó bá jẹ́ Botany ló fẹ́ kà ni, à bá ti máa jó. Fún ìṣègùn, agbedeméjì la wà: máàkì náà kò ga tó kí wọ́n kọ́kọ́ pè é, kò sì kéré tó kí ó gbàgbé rẹ̀.

Ìṣègùn kò dà bí ẹ̀kọ́ mìíràn tí wọ́n lè fi àga kún kíláàsì. MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ló ń sọ iye ọmọ tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ìwọ̀nba yẹn náà ni ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ tún máa ń pín: 45 nínú 100 fún àwọn tí máàkì wọn ga jù láìbèèrè ìlú wọn, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà mọ́ agbègbè ilé-ìwé, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ní ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó níbẹ̀. Kwara wà nínú ìgbẹ̀yìn yìí, Kogi náà wà níbẹ̀, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun kò sí. Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Ta ló sọ pé ẹ̀kọ́ kò gbilẹ̀ l'Ọ̀fà? Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo panu mọ́.

Ohun tó ń dá ènìyàn lágara jù ni pé ẹ kò mọ ibi tí ẹ tò sí. Ìlà kan wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹta tàbí ìkọgọ́rùn-ún. Orí CAPS, ojú ìwé JAMB tí gbogbo ìgbanisílé-ìwé ń gbà kọjá, ni ẹ ó máa wò. "Admission in progress" ni yóò máa sọ. Lísìtì àkọ́kọ́ jáde, orúkọ wa kò sí níbẹ̀. Ó ku ti supplementary, lísìtì kejì. Ọmọ náà ń wo fóònù kó tó kírun, ó ń wò ó lẹ́yìn ìrun, dátà rẹ̀ tán, ó wá ń yá tèmi lò. Nígbà tó yá mo ní kó wá bá mi ní Kubwa, kó kúkú máa bá mi ta bọ́tìnnì.

Kọ́sítọ́mà mi kan tí ọmọ rẹ̀ ti kọjá níbẹ̀ ló gbà wá sílẹ̀. Ó ń wọ bùbá wò níwájú dígí, ó kàn yíjú padà ni: "Ṣé WAEC ẹ̀ ti wà lórí CAPS?" A ní ó wà níbẹ̀. Ó ní ká wò ó kí ojú òun rí i. Àbúrò mi ṣí i, àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. Níbi tó yẹ kí máàkì WAEC wà, "Awaiting result" ni wọ́n kọ. Nígbà tó fi forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, kò tíì jókòó ìdánwò WAEC, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́ nígbà náà. Àmọ́ nígbà tí èsì jáde, ẹni tó gbowó lọ́wọ́ wọn nílé pé òun ti gbé e sókè, kò gbé nǹkan kan sókè. Kò sí bí ilé-ìwé ṣe lè mú ọmọ tí wọn kò rí èsì rẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, a kàn ń dúró síta ilẹ̀kùn tí a kò kàn ni.

Èmi kì í tètè bínú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo fi síṣọ́ọ̀sì lélẹ̀, mo jáde síta fún ìgbà díẹ̀.

Gbígbé èsì sókè yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè dá ṣe lórí fóònù. Ọ́fíìsì JAMB tàbí ibi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà (CBT) tí JAMB fọwọ́ sí ni wọ́n ti ń ṣe é. Bwari ni olú ilé-iṣẹ́ JAMB wà, Bwari kò sì jìnnà sí Kubwa, nítorí náà a gbéra láago mẹ́fà ààbọ̀. A bá ènìyàn níbẹ̀. Àwọn kan wá láti Minna, ọkùnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wá láti Lafia. Nígbà tó kàn wá, wọ́n tẹ nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní ká wo ojú rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: English B3, Mathematics B2, Physics B2, Chemistry B3, Biology A1. A ò kúrò nínú ọgbà náà títí a fi rí i lórí fóònù tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí tí ẹ ní ọmọ lórí ìlà, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbààwẹ̀.

Ọkùnrin kan tún yọjú nígbà yẹn, ẹni tó mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan. 350,000 náírà ló ní ká mú wá, ìdajì ṣáájú. Ìyá wa ti fẹ́ ta àgbàdo tó wà nílé. Mo bi ọkùnrin náà pé, bí wọ́n bá gba ọmọ mi nítorí máàkì rẹ̀, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ ló ṣe é? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló parí sí.

Ilé wá ni mo fẹ́ sọ gan-an. Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú lísìtì kejì, ó sábà máa ń bá a pé wọ́n ti pín bẹ́ẹ̀dì họ́sítẹ́ẹ̀lì tán, àwọn tó wọlé ṣáájú ti gba yàrá tó dára nígboro, éjẹ́ǹtì sì mọ̀ pé ojú ń kán an. Mo ronú pé bí a bá dúró dìgbà tí orúkọ bá jáde, a ó san owó ìkánjú. Bí a bá sì sanwó kí orúkọ tó jáde, ta ni yóò dá a padà? Mo wá ní ká máa lọ wò, ká máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọwọ́ má wọ àpò. Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin la fi lọ. Láti Kubwa a ó wọkọ̀ dé Zuba, láti Zuba a ó wọ òmíràn dé Gwagwalada. Tépù ìwọ̀n wà lọ́rùn mi, ìwé wà nínú báàgì.

Ilé àkọ́kọ́, ní Dagiri, éjẹ́ǹtì gba 5,000 lọ́wọ́ wa ní owó ìwolé. Ó kan ilẹ̀kùn, ọmọkùnrin kan ṣí i pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì nídìí àti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Kò mọ̀ pé wọ́n ń fi yàrá òun hàn. Éjẹ́ǹtì ní ó máa kó jáde lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọ náà ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo bá a tọrọ gáfárà, mo wọn ẹnu ọ̀nà nìkan nítorí 5,000 mi.

Ilé kejì ló fẹ́ mú wa. Kò jìnnà sí odò Usuma, ọ̀dà tuntun, táìsì nílẹ̀, wọ́díróòbù ńlá kan fara ti ògiri. Àbúrò mi ti ń sọ ibi tí òun máa gbé tábìlì sí. Mo fẹ́ wọn ògiri, mo ní kó bá mi sún wọ́díróòbù díẹ̀. Ibi tí wọn kò lè kun dé wà lẹ́yìn rẹ̀, ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ kan sì lọ tààrà láti igun dé igun, bí ìgbà tí ènìyàn fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára aṣọ. Mo gbé tépù lé e. Ínṣì 14 láti ilẹ̀. Mo bi éjẹ́ǹtì pé kí nìyí. Ó ní ẹrẹ̀ àwọn kọ́lékọ́lé ni.

A jáde, a rí mai ruwa kan, ẹni tó ń ta omi kiri, tó ń ti ọmọlanke rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá lórí rẹ̀. Èmi gbọ́ Hausa ọjà. Mo ra kẹ́ẹ̀gì kan tí n kò nílò, mo ní kó gbé e fún ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo wá bi í léèrè. Ó ní omi wọlé síbẹ̀ nígbà òjò, òun rí i tí wọ́n ń gbé fóòmù sí orí ọgbà. Ó tún ka àwọn ilé àdúgbò fún mi lórí ìka: eléyìí, kàǹga rẹ̀ máa ń gbẹ láti oṣù Kejì, "sai damina," ó di ìgbà òjò, èyí tó wà lọ́hùn-ún, lánlọ́ọ̀dù ń ti bọ́hòòlù pa, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní Kutunku, wọn kì í ra omi lọ́wọ́ òun rárá, òun kì í dé ibẹ̀ láti tà. Mo ní kó mú wa lọ síbi tí kò ti rí omi tà.

Bí a ṣe dé ilé kẹta nìyẹn, láìsí éjẹ́ǹtì. Mama náà, ẹ̀yà Gbagyi ni wọ́n, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Yàrá kan, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ilé ìwẹ̀ àjọlò, kàǹga tó lómi lóòótọ́. Mo ju gáálọ̀nù sínú rẹ̀ fúnra mi. 150,000 lọ́dún, wọ́n ní ká mú onídùúró wá, ọmọ wọn yóò sì kọ rìsíìtì. Àbúrò mi kò sọ̀rọ̀. Mo mọ ìdákẹ́ rẹ̀ yẹn.

Ẹ̀kẹrin ló wù ú, ó wu èmi náà. Self-contain ní Phase 3, bọ́hòòlù, bàbá Ìgbómìnà kan ló ni ín, tí wọ́n pè wá wọlé tí wọ́n fún wa lómi mu. 300,000. Éjẹ́ǹtì ìdá mẹ́wàá, ágríméǹtì ìdá mẹ́wàá, caution, owó ìdógò bí nǹkan bá bàjẹ́, 20,000, ó di 380,000. Bàbá ní bí a bá san ìdajì àwọn á dì í mú, ṣùgbọ́n bí a kò bá padà wá, owó ti wọlé nìyẹn. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n sì sọ ọ́ kedere, mo bọ̀wọ̀ fún wọn fún ìyẹn. N kò san. Ohun tí mo ṣe dípò rẹ̀ ni pé nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo rán kọ́tìnì fún fèrèsé rẹ̀, ínṣì 47, láti inú aṣọ tó ṣẹ́ kù. Ẹni tó ń retí nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ kì í lè jókòó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́bọ̀, mò ń fi ẹ̀rọ rán etí aṣọ nígbà tí mo gbọ́ "Àǹtí mi!" láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó na fóònù sí mi, n kò lè kà á nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Medicine and Surgery. Mo ní kó tẹ Accept níwájú mi, nítorí bí ènìyàn kò bá tẹ̀ ẹ́, kò tíì gbà á. Ìyá wa lórí fóònù kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, oríkì ló tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Sátidé a wà ní Phase 3. Bàtà obìnrin méjì wà lẹ́nu ọ̀nà self-contain náà. Bàbá fúnra wọn bá wa kẹ́dùn.

Ní Kutunku, Mama ṣì wà lórí àpótí wọn. "Kun dawo?" ni wọ́n wí, ẹ ti padà dé. Mo wo àbúrò mi. Ó tẹríba, ó gbé gáálọ̀nù, ó lọ fa omi fún wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. A san 150,000 lórí bánkì, ọmọ wọn kọ rìsíìtì, kọ́sítọ́mà mi yẹn ló ṣe onídùúró. Owó tí a kò san fún éjẹ́ǹtì la fi ra fóòmù àti tábìlì.

Kọ́tìnì wá kúrú. Fèrèsé Kutunku jẹ́ 53, ínṣì mẹ́fà ló ku. Mo wá àjákù ankara tó ṣẹ́ kù lára aṣọ ìyàwó yẹn, aláwọ̀ ọsàn, mo gé e sí méjì, mo fi ínṣì mẹ́ta mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwọn tó wá bá òun kàwé rò pé bí wọ́n ṣe ń rán an nìyẹn. Ẹnì kan tilẹ̀ ti ní kí n rán irú rẹ̀ fún òun. Fèrèsé tirẹ̀, 44.