Bí Mo Ṣe Kọ́ Ajá Mi Láti Dúró de Ẹyẹ Grouse

Ẹyẹ grouse, ẹyẹ igbó kan tó jọ àparò, tó wà nínú igbó Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kì í gbà kí ajá sún mọ́ òun. Ilẹ̀ ló máa ń rìn, lábẹ́ àwọn igi aspen tí kò tíì dàgbà, tó ń ṣọ́ ohun gbogbo. Bí ajá bá fi ẹsẹ̀ kan péré kọjá ibi tó yẹ, ẹyẹ ti lọ, ariwo ìyẹ́ rẹ̀ nìkan lẹ máa gbọ́. Ajá tó máa wúlò fún ọdẹ, tó sì máa ṣe dáadáa níbi ìdíje àwọn ajá ọdẹ, gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in níbi tí òórùn ẹyẹ ti kọ́kọ́ kan imú rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ Tanímọ̀la, ajá English Setter mi, nìyẹn.

Kó tó fojú kan ẹyẹ kankan ló ti mọ “Dúró!” Mo fi okùn gígùn sí i lọ́rùn, mo ń rìn yí i ká, mo ń lọ síwájú rẹ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ gbọn koríko bí ìgbà tí mo fẹ́ lé ẹyẹ jáde. Bó bá ṣípò, màá rọra gbé e padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, láìjágbe. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ ọ ní fèrè. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, igbó aspen sì dí débi pé ajá lè wà nítòsí kéèyàn má rí i.

Ẹyẹlé ló kàn, nínú àpótí tí mo ń fi rìmóòtù ṣí. Mo gbé àpótí náà pamọ́ sínú koríko, mo wá mú ajá gba ibi tí atẹ́gùn ti máa gbé òórùn rẹ̀ wá bá a láti ẹ̀gbẹ́. Bí òórùn bá kàn án tó dúró, èmi náà á dúró. Bó bá ń yọ́ lọ síwájú, màá tẹ rìmóòtù, ẹyẹlé á fò lọ, mi ò ní sọ ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pariwo mọ́ ajá níbí yìí, ó sì ń dùn mí láti rí i, torí ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í wojú olówó rẹ̀ dípò kó máa ronú nípa ẹyẹ. Ẹyẹ ló yẹ kó kọ́ ọ pé ẹsẹ̀ tí òun gbé ló lé e lọ. Nígbà tó yé Tanímọ̀la, ó ń dúró láti òkèèrè, orí sókè, ìrù sókè.

Ti ìbọn gba sùúrù. Nígbà tó ṣì kéré, tó ń sá tẹ̀ lé ẹyẹ tayọ̀tayọ̀, ẹnì kan á yin ìbọn tí kò lọ́ta láti ọ̀nà jíjìn, a sì ń mú un sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ajá tí ìbọn bá ti dẹ́rù bà ṣòro tún ṣe.

Òfin Michigan kò gbà ká kọ́ ajá lórí ẹyẹ igbó láti ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 7 oṣù Keje, nígbà tí ẹyẹ ń sàba, tó ń tọ́mọ. Nígbà tí àyè ṣí, ọ̀dọ̀ ẹyẹ woodcock ni mo kọ́kọ́ mú un lọ. Ilẹ̀ tútù ni ẹyẹ yìí ti ń fi ẹnu gígùn wá ekòló, ó sì máa ń lúgọ síbi kan bí ajá bá dúró tì í. Ó ń fún ọmọ ajá láyè láti fi imú rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ kó tó bá grouse pàdé.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ni ọdẹ grouse máa ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù Kẹwàá ni mo fẹ́ràn, nígbà tí ewé ti já. Mo wọ aṣọ olómi ọsàn tí òfin ní ká wọ̀, mo so ṣaworo mọ́ ọrùn ajá, a forí lé apá àríwá. Ṣaworo dákẹ́. Mo bá a níbi tó dúró sí, kò mi. Mi ò gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Mo fẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, mo yọ síwájú, kí ẹyẹ lè wà láàárín àwa méjèèjì, kó má baà fẹsẹ̀ sá lọ. Ó fò, mo yìnbọn, ó já bọ́. Tanímọ̀la ò kúrò lójú kan títí mo fi pe orúkọ rẹ̀ pé kó lọ gbé e wá. Òfin gba márùn-ún lóòjọ́ níbẹ̀. Ọ̀kan yẹn tó mi.

Ní ìdíje, wọn kì í pa ẹyẹ. Ajá méjì ló ń jáde pọ̀. Bí ọ̀kan bá dúró, olówó rẹ̀ á lé ẹyẹ dìde, á yin ìbọn tí kò lọ́ta, àwọn adájọ́ á máa wò ó bóyá ajá náà máa ṣípò. Bí èkejì bá rí i, òun náà gbọ́dọ̀ dúró. Pátákó tí wọ́n gé bí ajá ni mo fi kọ́ Tanímọ̀la nìyẹn: bó bá dúró nígbà tí pátákó dìde, ẹyẹlé á fò fún un, bó bá kọjá rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan. Ní báyìí, bó bá ti rí ajá míì tó dúró láàárín igi, òun náà á dúró, ì báà má tíì gbóòórùn ẹyẹ.